Ẹmáawí, Ajá Bàbá Àgbà

Bàbá Àgbà kì í pe ajá wá jẹun lásán. Bó bá ti bu oúnjẹ sínú abọ́ tán, á jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á gbé ọrùn sókè, á wá fi ohùn tí gbogbo ojúlé máa gbọ́ ké pé, "Ẹmáawí! Ẹmáawí o!" Ajá á sáré dé. Ní òdìkejì ọ̀nà, Bàbá Fáànù, tó ń tún fáànù ṣe, á pòṣé, á sì kọjú sí ògiri. Ajá á jẹun, aládùúgbò á gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i, Bàbá Àgbà á wá padà sídìí máṣíìnì rẹ̀ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ òòjọ́.

Bàbá bàbá mi ni. Télọ̀ ni, ọmọ Ìṣẹ́yìn, tó wá sí Sàngó-Ọ̀tà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ ló ń rán títí ó fi darúgbó. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí bàbá mi kú, Àbẹ̀kẹ́ ló sì máa ń pè mí, kò pe orúkọ mi mìíràn rí àfi tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́. Ọdún yìí la sin ín. Àwọn èèyàn wí tiwọn níbi ìsìnkú. Wọ́n ní olóòótọ́ ni, wọ́n ní kì í jẹ aṣọ oníbàárà, wọ́n ní ó fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí mo mọ̀ pé irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ ajá. Ó dùn mí, torí ẹni tí kò bá mọ Bàbá Àgbà mọ́ ajá rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Kò ní sùúrù fún èèyàn, kí n má parọ́. Ọmọge kan gbé aṣọ wá lọ́jọ́ kan, ó ní kó bá òun rán an kó fún mọ́ òun lára bíi ti obìnrin kan tó wà nínú fóònù òun. Bàbá Àgbà gba fóònù náà, ó wo àwòrán, ó wo ọmọge, ó tún wo àwòrán. Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ìdí láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó dá fóònù padà fún un, ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ ni mò ń rán o. N kì í rán èèyàn."

Àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ máa ń bínú lọ, wọ́n á sì tún padà wá, torí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní sùúrù fún ọmọ aráyé yìí náà, bí ajá rẹ̀ bá lóyún, ìrìn rẹ̀ gan-an á yípadà. Kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì kíkankíkan mọ́. Kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju nǹkan lulẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kó tó bi mí pé ṣé mo ti jẹun, á ní kí n wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan abẹ́ itan ajá, níbi tí irun kò sí. Ojoojúmọ́ ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ní dúró títí ọjọ́ ìbí á fi sún mọ́lé. Ó ní ibẹ̀ máa ń gbóná lójoojúmọ́, pé ọjọ́ tó bá tutù, kí n má ṣe rìn jìnnà, ọmọ ti ń bọ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ti àná," ó ní, "báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ti òní yàtọ̀?"

Bó ṣe kọ́ mi nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, láàárín ìránṣọ. Ó ní kí n má gbójú lé ikùn, torí oúnjẹ náà máa ń mú ikùn wú. Ọmú ni kí n wò. Tí ọmú bá ti rọ̀ sílẹ̀, tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tí wàrà yọ lẹ́nu rẹ̀, ó kù díẹ̀. Ikùn á sọ̀ kalẹ̀, ìbàdí á sì jìn wọnú. Ajá á kọ oúnjẹ, kódà kó jẹ́ orí ẹja. Á máa mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ kò lọ ibì kankan. Á máa gbọ̀n. Ìgbà mìíràn á bì. Á máa wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè, á wá máa ha ilẹ̀, á máa kó ohun tó bá rọ̀ jọ sí igun kan. Tó bá ti ń kó nǹkan jọ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.

Tó bá bímọ tán, a kò gbọ́dọ̀ kà wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìyẹn kò yọ ajá sílẹ̀ lójú tirẹ̀. Àwọn ará àdúgbò á máa yọ orí wọlé, wọ́n á fi ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní, "Ajá Télọ̀, o kú ewu ọmọ o!" Bàbá Àgbà á dá máṣíìnì dúró, á bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á sì dá wọn lóhùn dípò ajá, láìrẹ́rìn-ín rárá: "Ewu iná kì í pa àwòdì."

Ìgbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ajá ló rán an.

Ìjà òun àti Bàbá Fáànù ni mo fẹ́ sọ báyìí, ọ̀rọ̀ ajá ló sì bí i. Ọmọ Ìwó ni Bàbá Fáànù, ẹgbẹ́ ni òun àti Bàbá Àgbà. Kó tó di pé wọ́n jà, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ ẹ̀wà. Bàbá Àgbà ní ajá kan nígbà náà tó ń jẹ́ Fẹ̀sọ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Sàngó gbé yúnífọ́ọ̀mù fún un rán, iṣẹ́ ńlá tó yẹ kó mú un jẹun pẹ́. Ó rán gbogbo rẹ̀ tán, ó ká a, ó tò ó jọ sórí ẹní. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá kó o, a dé ṣọ́ọ̀bù, a bá Fẹ̀sọ̀ lórí òkìtì aṣọ náà. Ó ti ha á túká, ó ti fi ṣe ibùsùn, ó ń gbọ̀n, èébì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kíá ni àwọn èèyàn ti pé jọ. Wọ́n ní ó ti jẹ májèlé eku. Bí a ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn lágbègbè wa, ajá tó bá ti ń bì tó ń gbọ̀n, epo pupa ni wọ́n á sáré rọ sí i lẹ́nu. Ìyá kan ti gbé ìgò epo dé. Bàbá Àgbà dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn, ó ní kó gbé epo rẹ̀ lọ sílé kó lọ fi se ọbẹ̀. Ó nawọ́ sí aṣọ tí Fẹ̀sọ̀ kó jọ. "Ajá tó jẹ májèlé kì í tẹ́ ibùsùn," ó ní.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ dé. Ọ̀gá tó bá ọkọ̀ wá ní kí wọ́n gbọn ajá kúrò kí wọ́n kó ẹrù. Bàbá Àgbà bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó fún òun láàyè títí ajá á fi bí, òun á fọ àwọn tó bá dọ̀tí, òun á lọ̀ wọ́n, òun fúnra òun á gbé gbogbo rẹ̀ dé gééètì wọn. Ọ̀gá náà ní, "Bàbá, ajá ni o! Ajá!" Bàbá Àgbà ní òun mọ̀ pé ajá ni, pé ẹni tó ń rọbí náà ni. Ọ̀gá bá wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn gbàà, wọ́n lọ. Iṣẹ́ náà bọ́, ilé iṣẹ́ yẹn kò sì tún gbé aṣọ fún un mọ́ láé.

Bàbá Fáànù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Télọ̀, ajá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Ó yá, gbé e jókòó sídìí máṣíìnì, kó máa rán aṣọ bọ́ ẹ." Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ ládùúgbò, torí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Bàbá Àgbà kò fèsì. Ó mú abo kan nínú àwọn ọmọ tí Fẹ̀sọ̀ bí lọ́jọ́ náà, nígbà tó sì tó sọ lórúkọ, ó sọ ọ́ ní Ẹmáawí. Ó fi fèsì lójoojúmọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Bàbá Fáànù kò sì jẹ́ kí orúkọ yẹn jáde lẹ́nu òun rí. Tó bá fẹ́ lé e, á ní, "Ìwọ ajá yìí." Tí ajá bá lọ fara kan aṣọ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ kírun, á lọ pààrọ̀ aṣọ, á máa kùn pé, "Ajá Télọ̀, ajá ọ̀hún."

Mo dàgbà díẹ̀ kí n tó bi Bàbá Àgbà léèrè ohun tó mú un fi iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ajá. Ó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó wá ní nígbà tí ìyàwó òun, ìyá bàbá mi, fẹ́ bí ọmọ ìkẹyìn, onílé wọn ti sọ pé kí wọ́n kó jáde. Ọjọ́ tí wọ́n máa kó ni ìrọbí mú un. Bàbá Àgbà bẹ onílé pé kó jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, onílé ní ayálégbé tuntun ti ń bọ̀ lọ́nà, kọ́kọ́rọ́ lòun fẹ́ gbà. Wọ́n gbé ìyá gun orí ẹrù nínú lọ́rì. Orí àpò aṣọ ló bímọ sí, lójú ọ̀nà Ìdìrókò, nínú eruku, tí dírébà ń fun fèrè kí ọ̀nà lè là. Ọmọ náà ni Dádì Kọ́lá, àbúrò bàbá mi. Bàbá Àgbà ní onílé yẹn kì í ṣe ìkà o, ó kàn ń kánjú ni. Ó wá so ìdí òwú, ó fi eyín gé e, ó ní, "Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí ìkánjú ẹlòmíì lè ṣe síni lára."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó kórìíra Bàbá Fáànù. Nígbà kan Bàbá Fáànù ṣàìsàn, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀. Bàbá Àgbà bu oúnjẹ ajá, ó jáde, ó ké "Ẹmáawí!", kò gbọ́ òṣé. Ó tún ké e. Ajá ti dé, ajá ti ń jẹun, ó ṣì ń ké e, ó ń wo ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ní kí n di ọsàn sínú ọ̀rá, a gba ilé Bàbá Fáànù lọ. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò bá a sọ̀rọ̀ ìjà, kò bá a sọ ti àlàáfíà. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ ni Bàbá Fáànù bi í pé kí ló wá ṣe. Bàbá Àgbà ní, "Mo wá wò ó bóyá o ṣì ń wí ni."

Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, Ẹmáawí ti lóyún. Ó ti ń darúgbó, a rò pé kò ní bí mọ́. Kò bá wa lọ síbi kankan, abẹ́ máṣíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù ló jókòó sí. Ilé bísíkíìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń di bísíkíìtì sí páálí, mo sì ń gbé ilé olójúlé-kojú-sójúlé níbi tí lándílọ́ọ̀dù kò ti fẹ́ ajá. Nítorí náà ojoojúmọ́, kí n tó wọṣẹ́, mo máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù lọ fún un lóúnjẹ. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan abẹ́ itan rẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbọ́n, àárò Bàbá Àgbà ló ń sọ mí, ìyẹn sì ni ohun tí a jọ máa ń ṣe.

Dádì Kọ́lá ló ń bójú tó ohun tí Bàbá fi sílẹ̀. Lándílọ́ọ̀dù ti fi ṣọ́ọ̀bù fún ẹni tó fẹ́ máa ta àwọn ohun èlò fóònù, ó sì fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́. Dádì Kọ́lá bá rí ọkùnrin kan ní Ìgbẹ́sà tó ń wá ajá tí yóò máa ṣọ́ oko. Mo mọ̀ pé wọ́n máa gbé e lọ, n kò sì ní ẹnu tí mo lè fi kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ náà ń bà mí, torí kí wọ́n di aláboyún sínú àpò, kí wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà Ìgbẹ́sà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kòtò, ó lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ.

Ọjọ́ náà dé. Òwúrọ̀ ni mo yà níbẹ̀, mo bá Dádì Kọ́lá nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti kó gbogbo rẹ̀ tán, ó ku máṣíìnì àti àpò ègé aṣọ tí Bàbá Àgbà máa ń kó pamọ́. Ọlọ́kadà wà níta pẹ̀lú àpò ìrẹsì lọ́wọ́. Ẹmáawí wà lábẹ́ máṣíìnì, ó ń gbọ̀n, ó ti bì, abọ́ tí mo bu oúnjẹ sí láná kún síbẹ̀.

Dádì Kọ́lá ti mú ìgò epo lọ́wọ́. "Wọ́n ti fún un ní májèlé, Àbẹ̀kẹ́. Wo bó ṣe ń gbọ̀n! Ta ni kò mọ ẹni tó ń bínú ajá yìí láti ọjọ́ yìí?" Ó sì kọjú sí òdìkejì ọ̀nà bó ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá Fáànù gbọ́. Ó gbé súkúrúdíráfà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjá títì wá. "Èmi? Kọ́lá, èmi ni mo máa fún ajá Télọ̀ ní májèlé? Télọ̀ ti lọ. Tí ajá yìí náà bá kú, ta ló kù tó máa bá mi jà?"

N kò dá sí wọn. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti na ọwọ́ mi sábẹ́ itan Ẹmáawí. Ó tutù. Láná ó gbóná. Mo tẹ ọmú rẹ̀, wàrà yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá rí i, ó ti fa àpò ègé aṣọ ya. Gbogbo aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ eérú tó ṣẹ́kù lára yúnífọ́ọ̀mù tí Bàbá Àgbà fi gbogbo ayé rẹ̀ rán, ó ti kó wọn jọ sí igun, ó ti tẹ́ ẹ yí ká.

Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé epo yẹn kúrò. Ajá tó jẹ májèlé kì í tẹ́ ibùsùn. Ó fẹ́ bímọ ni. Òní ni."

Ó wò ó, ó wò mí. Inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo aago. "Kó lọ bí i ní Ìgbẹ́sà nígbà náà. Ọlọ́kadà ti dúró. Lándílọ́ọ̀dù ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́, ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù ti ń kó ọjà bọ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé ajá ń rọbí?"

Ojú ń tì mí láti sọ ohun tó wà lẹ́nu mi, torí bàbá ló jẹ́ fún mi. Mo ṣáà sọ ọ́. "Dádì, ẹ má bínú. Níbo ni wọ́n bí yín sí?"

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò epo. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn yẹn nílé wa, ọmọ orí ẹrù ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nígbà èwe. Lẹ́yìn náà ó gbé epo sílẹ̀, ó jáde, mo gbọ́ tó ní kí ọlọ́kadà máa lọ. Ó pe lándílọ́ọ̀dù lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a kò tíì lè kó jáde. A ní ẹni tó ń rọbí." Kò sọ fún un pé ajá ni. Lándílọ́ọ̀dù sì fún wa láàyè.

Èmi náà ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ pé n kò ní lè wá. A jókòó síta, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Bàbá Fáànù padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́, ó ń wo ọ̀dọ̀ wa ṣáá. Oòrùn ti ga kí a tó gbọ́ ohùn àkọ́bí, tín-ín-rín. Òmíràn tẹ̀ lé e. Èèyàn kò ní gbọ́ iye wọn lẹ́nu mi.

Nígbà tí ọwọ́ rọlẹ̀, Bàbá Fáànù wá. Páálí fáànù tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló gbé dání. Ó ní tí wọ́n bá ti lajú, ká kó wọn sínú rẹ̀, ká gbé ìyá àtọmọ sí ẹ̀yìnkùlé òun, àyè wà níbẹ̀, kò sí Ìgbẹ́sà kankan. Dádì Kọ́lá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, Bàbá Fáànù mú un lọ́wọ́ dìde. Ó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, òun tí kì í jẹ́ kí ajá sún mọ́ aṣọ òun. Ó wo abẹ́ máṣíìnì títí.

"Ẹmáawí," ó ní. "Ẹmáawí, o kú ewu ọmọ o."

Ajá gbé orí sókè, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó tún dùbúlẹ̀. Bàbá Fáànù kò dìde, ó ń wo àga tó wà nídìí máṣíìnì bí ẹni pé Bàbá Àgbà ṣì máa bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ níbẹ̀ láti dá a lóhùn. Èèyàn kì í fi ìkíni sílẹ̀ láìdáhùn.

Mo ní, "Ewu iná kì í pa àwòdì, Bàbá Fáànù."